Òṣùwọ̀n Méjì, Iye Kan: Bí A Ṣe Ń Mú Àmì-Ìdarí Bá Ètò Inú Dúráífù Mu

Dúráífù ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pe ẹ̀rọ tí ó ń pinnu bí mọ́tò yóò ṣe yára tó. Ó wà nínú pátákó iná ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ omi sínú ọ̀rá, ní ilé ìlọ oúnjẹ adìyẹ, àti níbi tí pọ́ńpù ńlá bá ti ń fa omi láti inú kànga ẹ̀rọ lọ sí táńkì òkè. Bí a ṣe ń ṣe dúráífù kọ́ ni iṣẹ́ yìí dá lé. Ohun tí ó dá lé ni ìbáraẹnisọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín dúráífù àti ohun tí ó ń rán iṣẹ́ sí i, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí ń ba mọ́tò àti páìpù jẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ènìyàn á sì máa rò pé ẹ̀rọ ni kò dára.

Nípa ọ̀rọ̀ tí a lò: Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wà fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni, a kò lè retí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ iná nínú rẹ̀. Nítorí náà, níbi tí àwọn oníṣẹ́ bá ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn, irú bíi dúráífù, mọ́tò, pọ́ńpù, sẹ́ńsọ̀ àti fóltéèjì, ọ̀rọ̀ wọn ni a mú lò. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni a ṣẹ̀dá, a ó sì sọ ìtumọ̀ wọn ní ojú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ tí dúráífù ń ṣe

Iná tí a ń lò ní Nàìjíríà ń lọ, ó sì ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí ni a ń kọ ní 50 Hz. Iye ìgbà yìí ni ó ń sọ bí òòfà inú mọ́tò yóò ṣe yára yí po. A ó sọ 50 di ìlọ́po 120, a ó sì fi iye òpó òòfà tí mọ́tò náà ní pín in. Mọ́tò tí ó ní òpó mẹ́rin yóò fún wa ní ìyípo 1500 ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí a ó rí ní ara irin mọ́tò gan-an kò tó bẹ́ẹ̀, bóyá 1440, nítorí irin náà máa ń rìn lẹ́yìn òòfà díẹ̀.

Dúráífù a gba iná 50 Hz wọlé, a sọ ọ́ di iná tí kì í lọ kí ó bọ̀, irú ti bátìrì, lẹ́yìn náà a tún un ṣe ní iye ìgbà tí a bá fẹ́. Bí ó bá ṣe é ní 25 Hz, eré mọ́tò wa di ìdajì. Fóltéèjì náà a máa bá a lọ sílẹ̀: mọ́tò tí ó ń gba 400 V ní 50 Hz yóò gba 200 V ní 25 Hz.

Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún dúráífù pé 25 Hz ni a ń fẹ́?

Àmì aláìfò

Àmì tí ń lọ sí òkè tí ń lọ sí ìsàlẹ̀ láìfo ibì kankan ni a pè ní àmì aláìfò. Agogo olóhùn méjì kò ní ju ohùn méjì lọ. Àmì tí kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ dà bíi rẹ̀. Ìyá ìlù dùndún ní tirẹ̀ lè yọ́ láti ohùn ìsàlẹ̀ dé ohùn òkè bí onílù bá ṣe ń fún ọsán rẹ̀ mọ́ra. Irú èyí ni àmì aláìfò tí sẹ́ńsọ̀, bọ́tìnì yíyí tàbí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí dúráífù.

Mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù lọ: fóltéèjì láti 0 dé 10 V, ìṣàn iná láti 0 dé 20 mA, àti ìṣàn iná láti 4 dé 20 mA. Fóltéèjì rọrùn, ó sì tó bí bọ́tìnì bá wà ní ara pátákó kan náà pẹ̀lú dúráífù. Bí ọ̀nà bá jìn, wáyà gígùn a máa jẹ nínú fóltéèjì kí ó tó dé òpin. Ìṣàn iná kò rí bẹ́ẹ̀: ní gbogbo òbìrí tí iná ń gbà kọjá, iye kan náà ni ó ń ṣàn, nítorí náà iye tí ó kúrò lọ́dọ̀ sẹ́ńsọ̀ ni iye tí yóò dé ọ̀dọ̀ dúráífù. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi fẹ́ràn 4 sí 20 mA.

Òdo tí ó ń fọhùn

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà yóò bi wá léèrè pé kí ló dé tí a kò bẹ̀rẹ̀ láti 0. Ìbéèrè gidi ni. Kí iná tó gba iṣẹ́ yìí, afẹ́fẹ́ inú páìpù kékeré ni wọ́n fi ń rán iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, 3 sí 15 psi sì ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Òun náà kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ìdí kan náà ni ó wà lẹ́yìn méjèèjì: ẹni tí ó ń gbọ́ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó sọ pé “kò sí nǹkan” àti ẹni tí kò sọ̀rọ̀ rárá.

Bí ọmọ tí a rán lọ wo inú ìkòkò bá padà wá sọ pé omi ti tán, a ti gbọ́ ìròyìn. Bí ọmọ náà kò bá padà wá, a kò mọ nǹkan kan nípa omi. Nípa ọmọ ni ó yẹ kí a máa ṣe àníyàn. 4 mA ni ìròyìn pé omi ti tán. 0 mA ni ọmọ tí kò padà wá: wáyà ti já, sẹ́ńsọ̀ ti kú, tàbí eku ti jẹ nǹkan. A ó pe èkínní ní òdo afọhùn, a ó sì pe èkejì ní òfo. Àǹfààní mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tí ó ní wáyà méjì péré ń jẹun láti inú òbìrí kan náà tí ó fi ń sọ̀rọ̀, ìwọ̀nba 4 mA ìsàlẹ̀ yìí ni ó sì fi ń gbé ara rẹ̀ ró nígbà tí kò ní ohunkóhun láti ròyìn.

Nítorí pé òdo afọhùn wà ní 4, kì í ṣe 20 ni gbogbo ààyè tí àmì náà ní. Ohun tí ó kù ni ẹ̀rìndínlógún. Orúkọ tí Yorùbá fún iye yìí ni ìṣirò náà gan-an: ẹ̀rin tí ó dín nínú ogún. Alábàápàdé lásán ni, kò sí ẹnjiníà tí ó fi òǹkà wa ṣe òdiwọ̀n, ṣùgbọ́n ó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi rántí. Ẹ yọ 4 kúrò nínú iye tí ó dé, ẹ fi 16 pín ohun tí ó kù, ẹ sì fi ìdá tí ẹ bá rí ṣe ìlọ́po ààyè tí ó wà láàárín eré ìsàlẹ̀ àti eré òkè. Lẹ́yìn náà, ẹ fi eré ìsàlẹ̀ kún un. Bí 12 mA bá dé, 8 nínú 16 ni, ìdajì nìyẹn. Bí a bá ti ṣètò dúráífù sí 0 dé 50 Hz, 25 Hz ni yóò sáré.

Nígbà tí òṣùwọ̀n kò bá bára mu

Bí oníṣòwò gààrí bá fi kọ́ńgò ìlú kan wọn ọjà, tí ẹni tí ó rà á sì ń fi kọ́ńgò ìlú mìíràn ṣe ìṣirò rẹ̀, kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n gààrí kò ní pé. Bí ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ àti dúráífù ṣe rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo sẹ́ńsọ̀ tí ó ń fi 4 sí 20 mA ránṣẹ́ sí dúráífù tí a ṣètò fún 0 sí 20 mA. Nígbà tí sẹ́ńsọ̀ bá sọ pé “òdo”, ìyẹn 4 mA, dúráífù yóò kà á sí ìdá kan nínú márùn-ún, mọ́tò yóò sì máa sáré ní 10 Hz nígbà tí ó yẹ kí ó dúró. Ní 12 mA, yóò sáré ní 30 Hz dípò 25. Ní 20 mA, 50 Hz ni, kò sì sí àṣìṣe kankan. Ohun tí ó léwu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: bí a bá ṣe ń sún mọ́ òkè ni àṣìṣe ń pòórá. Oníṣẹ́ tí ó bá gbé ẹ̀rọ dé eré tó ga jù lọ, tí ó rí 50 Hz lójú dúráífù, tí ó sì ti ilẹ̀kùn pátákó, ti lọ láìmọ̀ pé iṣẹ́ kò tíì parí. Ibi mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò: 4, 12 àti 20.

Bí ó bá jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ ni ó ń lo 0 sí 20, tí dúráífù sì ń retí 4 sí 20, mọ́tò yóò máa lọ́ra ju bí ó ti yẹ lọ. 10 mA, tí ó jẹ́ ìdajì lójú sẹ́ńsọ̀, yóò di 6 nínú 16 lójú dúráífù: 18.75 Hz dípò 25. Gbogbo ohun tí ó bá sì wà lábẹ́ 4, òfo ni dúráífù yóò kà á sí, yóò sì figbe ta.

Ojúlé kan ni a ti ń tún èyí ṣe nínú ètò dúráífù, orúkọ rẹ̀ sì yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn. Nínú ABB ACS550, fún àpẹẹrẹ, ààyè 1301 ni a ti ń kọ ìsàlẹ̀ àmì àkọ́kọ́, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. 4 jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún 20, nítorí náà 20% ni a ó tẹ̀ síbẹ̀ fún 4 sí 20 mA.

Àìbáramu kan tún wà tí nọ́ńbà ètò kò lè tún ṣe. Ọ̀pọ̀ dúráífù ní bọ́tìnì kékeré kan ní inú, tí a fi ń yàn bóyá fóltéèjì ni ẹnu ọ̀nà náà yóò máa gbà tàbí ìṣàn iná. Ẹnu ọ̀nà fóltéèjì ní ìdènà ńlá, ó lè tó 10,000 óòmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí 4 mA tó lè la irú ìdènà bẹ́ẹ̀ kọjá, yóò nílò 40 V, bẹ́ẹ̀ 24 V ni òbìrí sẹ́ńsọ̀ sábà máa ń ní. Sẹ́ńsọ̀ yóò ti gbogbo agbára tí ó ní, fóltéèjì tí dúráífù ń rí yóò ga ju 10 lọ, mọ́tò yóò sì máa sá eré àsápajúdé, ohun yòówù kí sẹ́ńsọ̀ máa sọ. Bí a bá ṣe é ní òdì kejì, tí a ki 10 V bọ ẹnu ọ̀nà ìṣàn iná tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 250 óòmù, 40 mA ni yóò fẹ́ ṣàn, ìlọ́po méjì ohun tí ẹnu ọ̀nà náà wà fún. Ohun kan yóò gbóná jù.

Òkè àti ìsàlẹ̀ eré

Kí àmì jẹ́ 4 sí 20 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò tíì tó. A gbọ́dọ̀ sọ fún dúráífù pé kí ni 4 túmọ̀ sí, kí sì ni 20 túmọ̀ sí.

Ní Amẹ́ríkà, 60 Hz ni iná wọn. Dúráífù tí a ṣe fún ọjà ibẹ̀ sábà máa ń ní 60 Hz gẹ́gẹ́ bí eré òkè tí wọ́n bá a dá, bí irú rẹ̀ bá sì dé ọ̀dọ̀ wa ní tòkúnbọ̀, 60 náà ni yóò máa pè ní 20 mA títí ẹnìkan yóò fi yí i padà. Àfikún 10 Hz lè dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n agbára tí pọ́ńpù alábẹ̀bẹ̀ tàbí fáànù ń bèèrè kì í bá eré pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ìlọ́po eré lọ́nà mẹ́ta ni. 60 jẹ́ 50 lọ́nà 1.2, 1.2 × 1.2 × 1.2 sì jẹ́ 1.728. Pọ́ńpù tí ó ń gba 7.5 kW ní 50 Hz yóò fẹ́ gba nǹkan bíi 13 kW. Bí a kò bá kọ ìwọ̀n iná tí mọ́tò lè gbà sínú dúráífù bí ó ṣe wà ní ara àwo orúkọ mọ́tò, kò sí ohun tí yóò dá a dúró kí wáyà inú rẹ̀ tó jó.

Ìsàlẹ̀ ni mo rí i pé àwọn ìwé ìtọ́ni kì í sọ̀rọ̀ lé tó. Ẹ jẹ́ kí a mú pọ́ńpù tí ó lè gbé omi dé 40 mítà ní 50 Hz nígbà tí omi kankan kò bá tíì máa jáde, kí a sì gbà pé táńkì wà ní 25 mítà sókè ojú omi. Gíga tí pọ́ńpù lè gbé omi dé ń tẹ̀lé eré lọ́nà méjì. Ní 25 Hz, ìdajì eré, ìdá kan nínú mẹ́rin gíga ni ó kù: 10 mítà. Ní 30 Hz, 14.4 mítà. Ní 39 Hz, 24.3 mítà, omi kò sì tíì dé ẹnu táńkì. Ó di nǹkan bíi 39.5 Hz kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Bí a bá wá ṣètò 4 mA sí 0 Hz àti 20 mA sí 50 Hz, àmì gbọ́dọ̀ kọjá 16.6 mA kí ẹ̀kán omi kan tó dé òkè. Nínú ẹ̀rìndínlógún tí a ní, ó ju méjìlá lọ tí ó ṣòfò. Ní gbogbo àkókò yẹn, mọ́tò ń yí, iná ń jó, omi kan náà ń yí po nínú pọ́ńpù tí ó sì ń gbóná. Àwọn tí wọ́n ń ṣe mọ́tò abẹ́ omi sábà máa ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ ní ìsàlẹ̀ 30 Hz, nítorí omi tí ń kọjá lára rẹ̀ ni ó ń tù ú, eré sì ni ó ń fún ìdúró rẹ̀ ní omi tí ó fi ń yọ̀. Ohun tí ó tọ́ fún pọ́ńpù yìí ni kí 4 mA jẹ́ 40 Hz, kí 20 mA sì jẹ́ 50 Hz. 12 mA yóò wá jẹ́ 45 Hz, gbogbo ààyè àmì yóò sì wúlò. Bí a bá fẹ́ kí ó dúró, àṣẹ “dúró” ní wáyà tirẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ àmì aláìfò.

Àṣẹ yàtọ̀ sí ìròyìn

Gbogbo ohun tí a ti sọ gbà pé àṣẹ ni àmì ń gbé wá: “sáré báyìí”. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ìròyìn ni: “ipá omi inú páìpù rèé”. Dúráífù fúnra rẹ̀ yóò wá fi ìròyìn náà wé iye tí a fẹ́, yóò sì yí eré padà, nípasẹ̀ ètò tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní PID. Bí a bá ṣi ìròyìn kà sí àṣẹ, bí ipá omi bá ṣe ń ga ni mọ́tò yóò ṣe máa yára, tí ipá yóò sì tún máa ga sí i.

Èyí tí ó fara pamọ́ ju ìyẹn lọ ni òṣùwọ̀n sẹ́ńsọ̀. Ká ní a fẹ́ kí ipá omi dúró ní 4 báà, sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ sì ń wọn 0 sí 10 báà. Ó bàjẹ́, a rí òmíràn rà ní ọjà. 4 sí 20 mA ni òun náà, wáyà rẹ̀ kò yàtọ̀, àfi pé 0 sí 16 báà ni ó ń wọ̀n. A kò yí ohunkóhun padà nínú dúráífù. Nígbà tí ipá omi bá jẹ́ 4 báà lóòótọ́, sẹ́ńsọ̀ tuntun yóò fi 8 mA ránṣẹ́, dúráífù yóò sì ka èyí sí 2.5 báà. Yóò fi eré kún un. Kò ní gbà pé 4 báà ti pé títí ipá gidi inú páìpù yóò fi dé 6.4 báà. Lójú dúráífù, gbogbo nǹkan wà létòlétò. Oríkèé páìpù ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Bí àmì bá dákẹ́

Ìgbà tí wáyà bá já ni òdo afọhùn ń san owó rẹ̀ padà. Ìlànà NE 43 ti ẹgbẹ́ NAMUR ní Jámánì gbà pé ìròyìn gidi wà láàárín 3.8 àti 20.5 mA, bí ó bá wá sí 3.6 tàbí kí ó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó dé 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìsàn ni, kì í ṣe ìròyìn. Dúráífù lè mọ èyí bí a bá ti ṣètò ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí 4, tí a sì sọ ohun tí yóò ṣe. Bí ìsàlẹ̀ bá wà ní 0, wáyà tí ó já kò yàtọ̀ lójú rẹ̀ sí òdo. Níbi tí àmì bá ti jẹ́ ìròyìn ipá omi, jàǹbá ni èyí: dúráífù yóò gbà pé kò sí ipá kankan nínú páìpù, yóò sì gbé mọ́tò dé òkè pátápátá láti wá a.

Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe nígbà tí àmì bá dákẹ́ kò lè jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo. Pọ́ńpù tí ń ti omi sínú páìpù, kí ó dúró, kí ó sì figbe ta. Fáànù tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ilé adìyẹ tí ó kún fọ́fọ́ nínú oṣù Ẹrẹ́nà kò gbọdọ̀ dúró rárá. Eré kan tí a ti yàn sílẹ̀ ni kí ó bọ́ sí. Dúráífù tún lè di eré tí ó ń sá kẹ́yìn mú, èyí tí a kì í fẹ́ràn fún pọ́ńpù nítorí pé ẹnikẹ́ni lè má tètè mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà ni ó yẹ kí a bi léèrè, kì í ṣe oníṣẹ́ iná nìkan ni kí ó pinnu rẹ̀.

Ní ti wáyà: kí ó jẹ́ irú èyí tí ó ní ìbòrí irin, kí ó má ṣe bá wáyà mọ́tò rìn pọ̀ nínú páìpù kan, nítorí ariwo iná láti ara mọ́tò a máa wọ inú àmì. Lẹ́yìn tí a bá ti fi ẹ̀rọ tí ń ṣe bíi sẹ́ńsọ̀ yẹ 4, 12 àti 20 wò, kí a kọ nǹkan mẹ́rin sára bébà, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pátákó: irú àmì, ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń wọ̀n láti ìsàlẹ̀ dé òkè, Hz ìsàlẹ̀ àti Hz òkè, àti ohun tí dúráífù yóò ṣe bí àmì bá dákẹ́. Ẹni tí yóò wá pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ní ọdún mẹ́ta òní lè má jẹ́ ẹni tí ó ṣètò rẹ̀ lónìí.